Ẹ̀yin òbí Kétu àti Àjàṣẹ́, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta oòrùn tó ń yí

Ẹ̀yin ará Kétu, Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin wa níbí, ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní kọlẹ́ẹ̀jì, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fi fídíò àwòṣe oòrùn àti pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé òun ń tà á fún iṣẹ́ ilé-ìwé, ẹ má tíì sanwó. Èmi ti san tèmi. 35.000 sẹ́fà, èrè ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Olùkọ́ ọmọ mi ló ní kí wọ́n ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ máa yí. Èmi tí mò ń jókòó ti ìsọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ibo ni mo ti fẹ́ ráyè máa lẹ fóòmù mọ́ wáyà? Wọ́n ní ọ̀dọ́kùnrin kan ń tà á nítòsí ọjà Ouando. Mo pè é. Ó kí mi, ó kí ọmọ, ó kí ọjà. "Màmá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ó ti wà nílẹ̀."

Ó gba 20.000 lórí MoMo. Awakọ̀ takisí gbé e dé, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù wé e yíká-yíká, kò sì jẹ́ kí n tú u wò àfi ìgbà tí 15.000 tó kù wọlé. Ó ní bí wọ́n ṣe rán òun nìyẹn.

A tú u nílé, bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án la bá yí oòrùn ká. Ọmọ mi ní, "Màámi, mẹ́jọ ni pílánẹ́ẹ̀tì o, láti 2006 ni wọ́n ti yọ Plútò kúrò lára wọn." Mo ní kó já ọ̀kan dànù. A ki bátìrì méjì sí i. Ó yí lóòótọ́, àmọ́ gbogbo wọn jọ ń yí pọ̀ bí apá fáànù òkè àjà ni. Ọmọ náà dojú rẹ̀ dé: ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà lábẹ́, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ gbogbo apá mọ́ ọn. Kò sí kẹ̀kẹ́ eléyín kankan tí yóò jẹ́ kí kálukú máa yí bó ṣe yẹ ẹ́. Inú ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, nọ́ńbà mọ́tò eré ìje ṣì wà lára ike.

Mo ní kí ló wá burú níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ 88 ni Mẹ́rkúríù fi ń yí oòrùn ká, ayé 365, Mársì 687, Júpítérì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 12, Nẹ́ptúnù bí ọdún 165. Nínú èyí tí mo rà, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ni Mẹ́rkúríù àti Nẹ́ptúnù jọ fi ń parí tiwọn. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín rín.

Mo tún pe ọ̀dọ́kùnrin yẹn. "Màmá, ṣé kò yí ni?" Bó ṣe bulọ́ọ̀kù mi nìyẹn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà, ẹ ní kó dojú rẹ̀ dé lórí fídíò kó fi abẹ́ rẹ̀ hàn yín. Kẹ̀kẹ́ eléyín tàbí okùn rọ́bà ti pílánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹ sì kà á: kí ayé tó yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí Mẹ́rkúríù ti yí i ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ. Ojú mi ì bá sì ti là nígbà tó fi fídíò tirẹ̀ hàn mí. Ihò iná tó wà lára ògiri níbẹ̀, mẹ́ta ni, bíi ti Nàìjíríà. Oníhò róbótó méjì ni tiwa. Kì í ṣe ilé rẹ̀ ni wọ́n ti yà á.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló yọ wá. Ó gé rọ́bà inú táyà tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi so ìdérí agolo ńlá mọ́ kékeré. Ó ní bí kẹ̀kẹ́ eléyín méjì bá jẹ ara wọn, òdìkejì ni ọ̀kan yóò máa yí, rọ́bà kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀; ọ̀nà kan náà ni gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì sì ń gbà yí oòrùn ká. Mẹ́rkúríù, ayé àti Mársì nìkan la rí ṣe. Owó rẹ̀ ò tó 4.000.

Àná ni mo tún rí fídíò yẹn lórí nọ́ńbà mìíràn, pẹ̀lú orúkọ mìíràn. 28.000 ni wọ́n ń pè é báyìí. Aṣọ tábìlì búlúù náà ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ihò iná mẹ́ta náà ṣì wà lára ògiri.