Mo kọjú sí ògiri kí n tó yan gìtá béèsì

Ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin kan wà ní Dùgbẹ̀ tí mo fẹ́ràn, nítorí ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ kì í kánjú. Ó ní kí n kọjú sí ògiri, ó sì ń lu oríṣi béèsì mẹ́ta lẹ́yìn mi láì dárúkọ wọn: Precision, Jazz àti StingRay. Orin kan náà, ampilifáyà kan náà.

StingRay kò lè fara pamọ́. Láti 1976 tó ti jáde ló ti ní ẹ̀rọ oníbátìrì nínú, ohùn rẹ̀ sì mú ṣáṣá. Fún orin ìyìn ó dára, àmọ́ tó bá di jùjú, á fẹ́ bá gángan du ọ̀rọ̀ sọ.

Àwọn méjì yòókù ló dà mí láàmú. Jazz ní píkọ́ọ̀pù méjì (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn okùn); bó bá ṣí ti iwájú nìkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ Precision. Híhùn ló tú u fó: píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ń kùn yùn-ùn lábẹ́ orin. Nígbà tó ṣí méjèèjì tán, híhùn pa rẹ́, ṣùgbọ́n ohùn àárín náà fúyẹ́.

Precision ni mo mú. Ó ki, ó dúró sójú kan, ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mókọ́lá sì ń fẹ́ nìyẹn (olórí akọrin wa kì í fẹ́ kí béèsì ṣe fújà).

Okùn ara Jazz wọn ti dípẹtà o, ìyẹn ò dáa. Okùn tó ti gbó máa ń pa ohùn gìtá. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú wáyà tó ń so gìtá mọ́ ampilifáyà tiyín dání, tiwọn ń já.