Ibi tí mo ti ń gba oògùn HIV n'Íbàdàn: ohun tó dùn mọ́ mi àti ohun tó ń dùn mí

Káfíńtà ni mí. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gba oògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba kan níbí. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti lọ sírú ibẹ̀ ni mò ń kọ èyí fún.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ti rù hangogo. Ahọ́n mi funfun bí ẹni lá ẹ̀kọ, ata kò ṣeé fi kàn án. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní CD4 mi jẹ́ 112. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ìyá nọ́ọ̀sì kan fa àga tì mí, ó mú bírò, ó fa ìlà kan tó ń dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ sẹ́yìn káàdì mi. "Bàbá, ọ̀gá àwọn sọ́jà ara yín ni CD4, àwọn ló ń pàṣẹ fún ìyókù. Tí ara bá le, wọ́n máa ń tó 500 sí 1,500 nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ẹ̀kán kan. Inú wọn gan-an ni kòkòrò yìí ń wọ̀ lọ bímọ sí."

Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tó bá wọlé, ibà lè dé, kí ọ̀nà ọ̀fun máa dunni. Ara á bá a jà, ibà á lọ. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́. Téèyàn ò bá lo oògùn, ó lè tó ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, tí á máa jẹ, tí á máa ṣiṣẹ́, tí sọ́jà sì ń dín kù lójoojúmọ́.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Mo ti tú férémù ilẹ̀kùn arère kan rí, tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó wọ inú rẹ̀ bí ẹni tẹ búrẹ́dì. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ilé.

Tó bá ti wálẹ̀ ju 200 lọ, wọ́n ti ń pè é ní éèdì nìyẹn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, funfun ẹnu, àrùn tí ara tó le ì bá lé lọ, gbogbo wọn á ráyè wọlé. Ibẹ̀ ni mo wà.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn: kóró kan lálaalẹ́, oògùn mẹ́ta ló wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo yẹn. Wọ́n fi Septrin, oògùn tó ń dènà irú àwọn àrùn yẹn, kún un títí sọ́jà fi pọ̀ sí i. Ó di 268, ó di 431. Iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ mi ti kéré débi pé ẹ̀rọ ò rí i mọ́, wọ́n sì fi dá èmi àti ìyàwó mi lójú pé mi ò lè kó o ràn án. A sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Nítorí ìyá nọ́ọ̀sì yẹn, mi ò tíì fo alẹ́ kan rí.

Àmọ́ ẹ gbọ́, aago méje àárọ̀ lẹ máa dé, ẹ lè máà kúrò títí di aago kan. Àwọ̀ fáìlì wa sì yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí rí ará àdúgbò rẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dìde, ó lọ láìgba oògùn. Mo ṣì ń wo ọ̀nà rẹ̀.