Àwo orin mẹ́ta tí mo fi rán aṣọ ẹbí

Láti ìparí Oṣù Kẹwàá 2024, aṣọ ẹbí ìsìnkú ni mò ń rán ṣáá. Ẹni tó bá ń gbé Àkúrẹ́ mọ̀ pé bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, òkú àgbà a máa tò bí ọkọ̀ nílé epo. Àǹkárá ti ga dé ojú fèrèsé ní ìsọ̀ mi lẹ́yìn Ọjà Ọba. Orin ni mo fi ń gbé e. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké, tí ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta náà ń ké, ẹni tí kò bá ní sípíkà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

Àwo tuntun mẹ́ta ni mo gbọ́ tán pátá. Ti Coldplay, ẹgbẹ́ olórin Ìlú Ọba, Moon Music, tó jáde ní Oṣù Kẹwàá, kò ní gbà wá lásìkò. Orin mẹ́wàá ni. Torí Ayra Starr tó wà nínú "Good Feelings" àti Burna Boy tó wà nínú "We Pray" ni mo ṣe lọ wá a, ẹ má bú mi. Ó dùn bí ẹlẹ́rìndòdò tó tutù: o mu ún tán, o gbàgbé. Máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá.

Wizkid ni mo ní ẹjọ́ díẹ̀ bá rò. Morayo jáde ní ọjọ́ 22 Oṣù Kọkànlá, orin 16, orúkọ ìyá rẹ̀ tó kú ní Oṣù Kẹjọ 2023 ló sì fi sọ ọ́. Èmi ti múra ẹkún sílẹ̀. Ẹkún wo? Fàájì ni mo bá níbẹ̀! Inú fẹ́ bí mi, àfi ìgbà tí mo gbójú sókè wo àwọn oníbàárà tó jókòó níwájú mi. Ìsìnkú bàbá ẹni ni kálukú wọn ń rán aṣọ sí, kò sì sí ẹni tí kò sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ mi nídìí o." Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀, "mo rí ayọ̀" ni. Aṣọ ẹbí ni ọmọ náà rán fún ìyá rẹ̀, ó sì bá a mu. Ohùn rẹ̀ kì í fipá ṣe nǹkan, bí ẹni tó ń kọrin lórí ẹní. Nígbà tí "Kese" ń lọ, díẹ̀ ló kù kí ọmọṣẹ́ mi kan rán ìka ara rẹ̀. Èyí tí Wizkid àti Asake jọ kọ náà dáa. Àmọ́ tó bá di apá ìparí, àwọn orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jọra bí apá aṣọ tí a fi pátánì kan náà gé. Ká ní èmi ni, mi ò bá gé mẹ́rin kúrò. Máàkì méje.

Àgùnbánirọ̀ kan tó wá dín ṣòkòtò kákí ló ní kí n gbọ́ ẹgbẹ́ olórin The Cure. Songs of a Lost World, ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kọkànlá. Ọdún 16 gbáko ni àwọn ará Ìlú Ọba yìí ò fi gbé àwo tuntun jáde. Orin mẹ́jọ péré. Èyí àkọ́kọ́, "Alone", ìlù àti gìtá ló ń dá lọ fún ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ọmọṣẹ́ mi ní, "Àǹtí, ẹni tó fẹ́ kọrin ò tíì dé ni?" Oníbàárà kan dá a lóhùn pé bóyá aṣọ rẹ̀ ni a ò tíì rán tán. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ohùn náà wá jáde, ẹ̀rín tán. Robert Smith, akọrin wọn, ti pé ẹni ọdún 65 ní 2024, ohùn rẹ̀ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan "I Can Never Say Goodbye", tó kọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó kú. Èmi náà sin àbúrò ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Òkú ọ̀fọ̀. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí ìrẹsì, wọn ò jẹ́ kí màmá wa dé ibojì. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ní ká nu ojú wa nù. Kò sí orin kankan tí mo mọ̀ fún irú òkú yẹn. Dùùrù ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lásọtúnsọ nínú orin yìí, èmi náà ń wa ẹ̀rọ lọ, àfi bí mo ṣe wolẹ̀ tí mo rí i pé mo ti rán apá bùbá ìyàwó olókùú mọ́ ọrùn rẹ̀. Ìdajì wákàtí ni mo fi tú u.

Àwo náà ní àlébù. Lórí sípíkà mi, ìlù ń bo ohùn mọ́lẹ̀, àfi kí èèyàn fi nǹkan sétí. Orin tó gbẹ̀yìn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àwọn ọmọṣẹ́ ti ń bẹ̀bẹ̀ kó tó dé ìdajì. Ẹ má sì gbìyànjú ẹ̀ bí ebi bá ń pa yín tí NEPA sì ti mú iná lọ. Síbẹ̀, máàkì mẹ́sàn-án. Mo máa ń fi pamọ́ di agogo méje alẹ́, tí mo bá ti ní kí wọ́n máa lọ sílé, tó ku èmi àti abẹ́rẹ́ ọwọ́ tí mo fi ń ká etí aṣọ. Ọ̀sán, ti Wizkid ni.

Àgùnbánirọ̀ náà ti wá gbé kákí rẹ̀. Ó kọ orúkọ àwọn àwo The Cure àtijọ́ sí ẹ̀yìn rìsíìtì fún mi, láti ti 1979. Ẹ̀yìn rìsíìtì náà kún, ó tún gba òmíràn.