Pọ́ǹpù ọmú àfọwọ́tẹ̀ tó wà lọ́jà Ìbàdàn: ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Bí ẹ bá béèrè pọ́ǹpù ọmú tí kò gba iná lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù ọmọ ní Dùgbẹ̀, Ògùnpa tàbí Alẹ́ṣinlóyè, oríṣi méjì ló ṣeé ṣe kí wọ́n gbé síwájú yín. Ọ̀kan ní bọ́ọ̀lù rọ́bà nídìí bíi hóònù kẹ̀kẹ́ àtijọ́, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ má rà á. Wàrà máa ń fà wọnú bọ́ọ̀lù yẹn, ìka kò lè débẹ̀, ọṣẹ kò lè débẹ̀, kòkòrò àìfojúrí á sì fi ibẹ̀ ṣelé. Bó ṣe ń fà kò tún ṣeé dárí, ó lè bó orí ọmú ìyá ìkókó. Èkejì, tó ní ọwọ́ tí a ń tẹ̀ lókè àti ìgò nísàlẹ̀, ni ọ̀rọ̀ wa yìí dá lé. Òun la fọwọ́ sí.

Ẹ tú u palẹ̀ níwájú ọlọ́jà. Ẹ ó rí ẹnu tó fẹ̀ bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, tí a ń gbé lé ọmú. Ẹ ó rí abọ́ rọ́bà rírọ̀ tó ń lọ sókè sódò, ọwọ́ tí a ń tẹ̀, ìgò, àti rọ́bà funfun kékeré kan tí ètè rẹ̀ pa dé bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Rọ́bà kékeré yìí ni ọkàn pọ́ǹpù náà. Bí ẹ bá tẹ ọwọ́, á pa dé kí afẹ́fẹ́ inú ìgò má bàa gòkè. Bí ẹ bá tú ọwọ́ sílẹ̀, á là kí wàrà já bọ́. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba àárín ètè rẹ̀ kọjá láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́, kò ní fà. Lẹ́yìn náà, ẹ tò ó padà, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí ẹ ó fi tú u sílẹ̀. Bó bá ń jábọ́, ẹ gba òmíràn.

Ìdí kan tí èyí tó ń fà dáadáa lánàá fi máa ń kọ̀ láti fà lónìí ni pé ẹnì kan ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu pẹ́pẹ́yẹ yẹn nígbà tó ń fọ̀ ọ́. Ńṣe ni kí ẹ rọra mì í nínú omi ọṣẹ, kí ẹ fi ìka pa ara rẹ̀. Ọlọ́jà tó bá ní rọ́bà yìí lọ́tọ̀ fún títà ni kí ẹ bá nájà, kódà kí tirẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n. Tòkúnbọ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Rọ́bà rẹ̀ ti gbó, ẹ kò sì mọ ẹni tó lò ó.

Nọ́ńbà tó sábà máa ń wà lára ẹnu rẹ̀ ni 24, ìyẹn mìlímítà ihò àárín. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ló bá a mu. Ẹ fi rúlà wọn ìbú orí ọmú nìkan, ẹ má ka ibi dúdú tó yí i ká mọ́ ọn. Ihò náà gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Bí orí ọmú bá ń ha ara ihò, tó sì funfun nígbà tí ẹ bá yọ ọ́, ihò ti kéré. Bí ibi dúdú bá ń bá a wọlé, ihò ti tóbi jù. Ìrora kì í ṣe ara iṣẹ́ yìí rárá.

Ẹ má lò ó ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Omi ọyàn àkọ́kọ́ ki bí oyin, ó sì kéré: bíi mìlílítà 5 sí 7 ló tó ọmọ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ kìíní, bíi ṣíbí ìmutíì kan tàbí kó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi pọ́ǹpù fún un, ara rọ́bà ló máa lẹ̀ mọ́. Ìyá á wo ìgò gbígbẹ, á ní òun ò ní wàrà, ará ilé á sì ti gbé omi àti àgbo dé. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fún un sínú ṣíbí tí ẹ ti sè. Àtàǹpàkò á wà lókè, ìka á wà nísàlẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sẹ́yìn orí ọmú. Ẹ tì í sẹ́yìn sí àyà, ẹ fún un, ẹ tú u sílẹ̀. Ìka kò gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lórí awọ.

Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, wàrà á ya dé, ọmú lè wú kó sì le koko. Ìgbà yìí gan-an ni pọ́ǹpù wúlò. Ọmọ kò lè gba ọmú tó le bẹ́ẹ̀ sẹ́nu dáadáa, orí rẹ̀ nìkan ló máa gé mú, ibẹ̀ ni ojú ọmú ti ń là. Ẹ fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ fún díẹ̀ jáde títí ibi dúdú á fi rọ̀, kí ẹ wá gbé ọmọ sí i. Ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ọmú tí ẹ bá fún gbẹ, ńṣe ló máa pèsè sí i, lọ́la á tún le ju tòní lọ. Bí ọmọ bá mu tán, aṣọ tútù ni kí ẹ fi lé e. Ẹ dákun, ẹ rọra bẹ ìyá àgbà tó ń fi omi gbígbóná janjan tẹ ọmú náà pẹ̀lú agbára: ó ń dá kún wíwú ni.

Bó bá jẹ́ wàrà tí ẹ ó tọ́jú pamọ́ lẹ fẹ́ fún, ẹ kọ́kọ́ máa tẹ ọwọ́ wéréwéré títí wàrà á fi máa kán, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ gùn, pẹ̀lú sùúrù. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 fún ọmú kan ti tó. Ẹ má fi ohun tó wà nínú ìgò díwọ̀n wàrà yín, nítorí ẹnu ọmọ ń fà ju pọ́ǹpù lọ. Ìtọ̀ ọmọ ni kí ẹ wò: tó bá ti pé ọjọ́ márùn-ún, ó yẹ kó tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà ní wákàtí 24.

Wákàtí 4 tí wọ́n ń sọ pé wàrà lè fi wà níta, yàrá tí ooru rẹ̀ kò ju 25°C lọ ló wà fún. Yàrá Ìbàdàn ní oṣù kejì àti oṣù kẹta kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ tètè gbé e sínú fíríìjì, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, kì í ṣe lára ilẹ̀kùn. Ọjọ́ 4 ló lè lò níbẹ̀ bí iná bá dúró. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, kúlà tó kún fún yìnyín lè tọ́jú rẹ̀ fún wákàtí 24. Ife kékeré ni kí ẹ fi fún ọmọ tuntun: ẹ gbé e jókòó, ẹ fi etí ife kan ètè rẹ̀, kó fi ahọ́n lá a fúnra rẹ̀. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu.

Fífọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ nínú bàsíà tí ẹ kò fi fọ ohun mìíràn. Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù méjì, ẹ máa sè é lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí omi bò ó, kó hó fún ìṣẹ́jú 5. Omi tó bá kù sábẹ́ abọ́ rọ́bà ń dín agbára fífà kù, torí náà ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó tò ó.

Àbùkù rẹ̀ tó ga jù ni pé ó ń rẹ ọwọ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù tí kò tíì lè fa ọmú gbọ́dọ̀ máa fún un tó ìgbà mẹ́jọ lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè pọ́ǹpù oníná lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Bí ojú kan lára ọmú bá sì pọ́n, tó gbóná, tí ibà wá tẹ̀lé e, pọ́ǹpù kọ́ ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹ má dá ọmọ dúró láti mu ún, ẹ máa lọ sí Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu tàbí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an.