Ìjókòó mẹ́fà ní ọ́fíìsì ìmọ̀ràn onígbàgbọ́ kan ní Tanke

Láti ìgbà tí a ti sin màmá mi ní Ọ̀fà ni mi ò ti rí oorun sùn mọ́. Aago méjì òru, ojú mi á là gbòò. Oúnjẹ ò wù mí jẹ. Oṣù mẹ́rin gbáko. Ìyàwó pásítọ̀ wa ló júwe ọ́fíìsì yìí fún mi ní Ìlọrin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni wákàtí kan.

Ìjókòó méjì àkọ́kọ́ bí mi nínú. Pásítọ̀ kékeré kan ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ mi dé ìdajì tó fi ṣí Fílípì 4:6, ó ní kí n má ṣe àníyàn, kí n lọ wá ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò tíì jẹ́wọ́. Jay Adams ló ń tẹ̀ lé, pásítọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé ní 1970 pé Bíbélì tó pásítọ̀ í fi gbani nímọ̀ràn, kí wọ́n má kó agbo lé àwọn onísàíkọ́lọ́jì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Adams fúnra rẹ̀ gbà pé bó bá jẹ́ ara ló ń ṣàìsàn, dókítà ló kàn. Pásítọ̀ tèmi ò tiẹ̀ bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Akọ̀wé bẹ̀ mí pé kí n rí màmá kan tó máa ń wá ní Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé omi fún mi. Wọ́n wá mú PHQ-9 jáde, ìwé tí wọ́n fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò: ìbéèrè mẹ́sàn-án lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, òdo sí mẹ́ta ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì ni, màmá ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. "Ìyá Tọ́pẹ́, ṣé ọkàn ẹ máa ń wúwo ni, àbí ó kàn ṣófo?" Mo ní ó ṣófo. Wọ́n kọ ọ́ sétí ìwé. Nígbà tí a dé ìkẹsàn-án, èyí tó jẹ mọ́ ikú, wọ́n gbé bírò sílẹ̀, wọ́n wò mí lójú. Mo ní rárá. Wọ́n tún bi mí. 17 ni mo gbà nínú 27, máàkì tó ga nìyẹn, wọ́n sì kọ lẹ́tà fún mi sí dókítà.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣí Bíbélì, 1 Ọba 19, ibi tí Èlíjà ti ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Wọ́n ní kí n ka iye ìgbà tí áńgẹ́lì jí i jẹun. Ẹ̀ẹ̀mejì. Kò bá a wí. Àkàrà tí a dín lórí ẹyin iná ló gbé fún un, àti omi. Àkàrà ni màmá mi dín tó fi rán wa nílé ìwé. Mo sunkún títí wákàtí fi pé.

Ó ku ohun kan. Mo bá màmá mi jà kó tó kú, mi ò sì tọrọ àforíjì. Màmá Ọjọ́bọ̀ ní iṣẹ́ pásítọ̀ nìyẹn, wọ́n dá mi padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ká sòótọ́, ó ṣe é dáadáa lọ́tẹ̀ yìí: ó dákẹ́, ó gbọ́ mi tán, ó ka Sáàmù 51, ó gbàdúrà. Níjọ́ náà ni mo sùn di aago márùn-ún.

Àléébù wọn: pákó pẹlẹbẹ ló la yàrá méjèèjì, gbogbo ìjà tọkọtaya tó wà ní yàrá kejì ni mo gbọ́. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ béèrè màmá Ọjọ́bọ̀, kí ẹ sì tètè dé. Aago méjì ni wọ́n ń lọlé.