Owó Olówó ní Leeds àti ní Salford

Nínú rugby league ní England, gbèdéke wà lórí iye tí ẹgbẹ́ kan lè san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Marwan Koukash, oníṣòwò olówó kan, gba ẹgbẹ́ Salford ní 2013, àwọn gbajúmọ̀ ló ń rà wọlé. Ní 2016, wọ́n yọ àmì 6 lára ẹgbẹ́ náà torí pé ó rú òfin owó yẹn. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bá ara wọn nílé ẹgbẹ́ Hull KR, tí ẹni bá pàdánù yóò já kúrò ní Super League, ìpele tó ga jù lọ. Gareth O'Brien ti Salford ló ta bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn gba àárín òpó ní àsìkò àfikún, 19 sí 18. Àyà mi já! Kò pẹ́ sígbà náà tí Koukash fi lọ.

Ti Paul Caddick ni mo fara mọ́. Ó gba ẹgbẹ́ Leeds ní 1996, ó fi ìṣàkóso lé Gary Hetherington tó mọ eré náà dunjú lọ́wọ́, wọ́n sì fara balẹ̀ tọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ife Grand Final, ìyẹn àṣekágbá Super League, 8 ni wọ́n gbà láàárín 2004 sí 2017. Kevin Sinfield, ọmọ ọdún 16 nígbà tó kọ́kọ́ bá àwọn àgbà gbá a, ló jẹ́ balógun fún 7 nínú wọn.