Kíláàsì Látìn àti Gíríìkì tí mo sanwó ẹ̀ fún ọmọ mi: ohun tí mo rí rà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa kíláàsì Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, tí mo fi ọmọ mi obìnrin sí, ó ti pé ọdún méjì báyìí, mo rò pé mo ti lẹ́nu láti fi sọ̀rọ̀ ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ń ṣe é o, torí èmi àti wọn ti ní gbólóhùn asọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa débẹ̀.

London là ń gbé, síkúùlù ìjọba lọmọ ń lọ, wọn ò sì kọ́ wọn ní Látìn níbẹ̀. Kì í ṣe tiwa nìkan, lọ́dún 2021 ìjọba ibí fúnra wọn ló sọ ọ́ pé 2.7% péré nínú síkúùlù ìjọba ló ń kọ́ Látìn, tàwọn olówó ńkọ́, 49%. Wọ́n wá ní àwọn máa ná mílíọ̀nù 4 pọ́n-ùn kí síkúùlù ìjọba 40 lè máa kọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, tiwa ò sí níbẹ̀, a ní ká máa retí, ìjọba yí padà, wọ́n dá owó yẹn dúró ní oṣù Kejì 2025, àárín ọdún ẹ̀kọ́ o, táwọn ọmọ kan ń múra ìdánwò GCSE ẹ̀ lọ́wọ́. Èmi ti tọwọ́ bàpò tèmi ṣáájú ìyẹn. Pọ́n-ùn 15 ni wákàtí kan, ọmọ mẹ́rin lórí Zoom.

Kí n má parọ́, ìdí tí mo fi kọ́kọ́ sanwó ò mọ́gbọ́n dání. Bọ̀ọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní bí ọmọ bá máa ṣe dókítà àbí lọ́yà, àfi kó gbọ́ Látìn. Nọ́ọ̀sì nìyàwó mi, ó ní látọdún tóun ti ń ṣiṣẹ́ ọsibítù, òun ò tíì pàdé aláìsàn kan tó fi Látìn sọ ibi tó ń dùn ún. Orúkọ egungun àti iṣan ló kù, ìyẹn èèyàn lè há a sórí. Oxford àti Cambridge tí wọ́n máa ń fi dandan lé e tẹ́lẹ̀ gan-an ti jáwọ́ ńbẹ̀ láti 1960. Wọ́n tún máa ń ní ó máa jẹ́ kí ọmọ tètè gbọ́ Faransé. Ó dáa, tó bá jẹ́ Faransé lẹ fẹ́, ẹ sanwó Faransé.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí rà. Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń dín dòdò ní kíṣìnì, mo gbọ́ tí tíṣà wọn, màmá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, ka gbólóhùn kan fún wọn, *canis puerum mordet*, ajá bu ọmọkùnrin jẹ. Ó wá yí i, *puerum canis mordet*, ó ní ta ló bu ta jẹ báyìí? Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pariwo pé ọmọ ló bu ajá jẹ. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ níbi tí mo dúró sí. A ò gbà á o, ajá ló ṣì ń bu ọmọ jẹ! Lédè tiwa, ẹni tó bá ṣíwájú ló ṣe nǹkan, ẹni tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ṣe é sí, ẹ gbé ọmọ síwájú ajá báyìí, ọ̀rọ̀ ti dìdàkudà. Látìn ò kàn án, ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n so ó mọ́, m tó gbẹ̀yìn *puerum* yẹn ló ń jẹ́rìí pé òun ni wọ́n bù jẹ, ibi yòówù kẹ́ ẹ gbé e sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọ bu ajá jẹ lóòótọ́, àfi *puer canem mordet*, m ti kúrò lára ọmọ, ó ti lọ bá ajá. Dòdò mi jóná díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Iṣẹ́ yẹn gangan ni mò ń sanwó ẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá ń kàwé ṣe ló máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó wá di ẹni tó ń fìka tẹ̀lé ìdí ọ̀rọ̀, gbólóhùn kan lè gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì sí bó ṣe fẹ́ dọ́gbọ́n fò ó. Ẹkún wà ńbẹ̀ o, torí orúkọ kan lè pààrọ̀ ìdí lọ́nà mẹ́fà tó bá jẹ́ ẹyọ, mẹ́fà mìíràn tó bá pọ̀. Ó láwọn Sátidé kan tó jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ fi súyà bẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún kejì wọ́n fi Gíríìkì àtijọ́ kún un, álífábẹ́ẹ̀tì 24, ìyẹn ò gbà á tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bó ṣe gbé ìwé wá bá mi nìyẹn, "Dádì, ẹ wá wò ó, àwọn náà ń fi àmì sórí ẹ̀!" Mo wò ó, lóòótọ́ ni, àmì òkè tó wà lórí orúkọ tèmi náà ló wà lórí ọ̀rọ̀ Gíríìkì. Tíṣà ní ohùn làwọn ará àtijọ́ yẹn fi ń pè é, ohùn á lọ sókè níbi tí àmì bá wà, àwọn ọ̀mọ̀wé Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ló wá fi àmì sí i nígbà tó yá káwọn àlejò lè mọ̀ ọ́n kà. Ṣé ẹ rí àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ tiwa yìí, ìdí ìwé Gíríìkì ló ti ṣẹ̀ wá. Ẹ wá wò ó o, màmá yẹn mọ ìtàn ẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n ẹnu ò gbé e, ṣe ló kàn ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi ní "lógòs", mí dò, ó ní "thèós", dò mí. Màmá dákẹ́, ó ní jọ̀ọ́ tún un kà. Ìgbà mẹ́ta ló kà á fún wọn! Ọmọ tí kì í fẹ́ fi àmì sórúkọ ara ẹ̀ nìyí o. Báyìí tí mo bá fi WhatsApp kọ "mo wa ninu oko" ránṣẹ́ sí i, á ní Dádì, oko àbí ọkọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé nǹkan òyìnbó ni, Yunifásítì Ìbàdàn ṣì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ ọ, ibẹ̀ ni Ṣóyínká ti kẹ́kọ̀ọ́ Gíríìkì, Ọdẹ́wálé inú The Gods Are Not to Blame tí púpọ̀ nínú wa kà ní sẹ́kọ́ńdìrì náà, Oedipus, ọba inú eré àwọn Gíríìkì àtijọ́, ni Ọlá Rótìmí wọ̀ láṣọ òkè.

Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni ìwé Látìn wọn. Ẹrú pọ̀ nínú ẹ̀, gbogbo wọn ló ń ṣàwàdà, wọ́n ń sùn nídìí iṣẹ́, ọ̀gá ń bú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ní "Dádì, kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?" Mo kọ̀wé sí tíṣà, ó gbà pé kò dáa, ó fi odindi kíláàsì kan ṣàlàyé bí Róòmù ṣe ń kó èèyàn lójú ogun lọ tà. Èmi náà sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún un nílé, bí wọ́n ṣe kó o ní Ọ̀ṣoògùn lọ́dún 1821, tí wọ́n tà á látọwọ́ kan sí òmíràn títí ó fi dénú ọkọ̀ Potogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n, tí wọ́n kó wọn dé Sàró. Ẹrú yẹn náà ló lọ kọ́ Látìn àti Gíríìkì, tó ṣíwájú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá, odindi ẹ̀ jáde ní 1884.

Ìyẹn ló mú wa ṣí Mátíù orí 3. "Èmi ń fi omi baptisi yín", Gíríìkì ni baptisi yẹn, wọn ò túmọ̀ ẹ̀, ṣe ni wọ́n gbé e bó ṣe wà. Mo ní kí ni ìtúmọ̀ ẹ̀, ọmọ ní kéèyàn ri nǹkan bọ omi. Bàbá mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi paraku, wọ́n wà lórí fóònù, ayọ̀ wọn ò mọ níwọ̀n, wọ́n ní ṣé àwọn ò ti ń sọ ọ́ fún màmá mi tó jẹ́ Áńgílíkà látọjọ́ yìí?

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe kíláàsì Látìn wá nìyí. Ní táàmù kan, wọ́n ṣàdédé gbé kíláàsì Sátidé kúrò ní aago mẹ́sàn-án lọ sí mọ́kànlá láì bi ẹnikẹ́ni, aago mọ́kànlá yẹn sì ni kíláàsì Yorùbá àwọn ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, wọ́n ní òfin àwọn ò gba bẹ́ẹ̀. Owó ti wọlé wọn, ó ń dùn mí, mo jẹ́ kó fi Yorùbá sílẹ̀ fún táàmù kan. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn, mo gbà. Bàbá mi ló kọ́kọ́ fura, wọ́n ní ọmọ ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn lóhùn. Alẹ́ Wẹ́dẹ́sìdeè ló ń ṣe Látìn báyìí pẹ̀lú màmá kan náà, Sátidé ti padà di ti Yorùbá.

Tí ọmọ yín ò bá fẹ́ràn ìwé tó ń falẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dán an wò, owó máa ṣòfò ni. Màmá yẹn, ìràwọ̀ márùn-ún. Àwọn tó ń gbowó, méjì. Tí wọ́n bá dá owó táàmù yẹn padà, màá wá fi ọ̀kan kún un.